Ojú Kan Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Ojú Méjì: Ọ̀rọ̀ Lórí Mọ́nítọ̀ Kejì fún Àwọn Atẹ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn atẹ̀wé sọ ní Ṣómólú, l'Ékòó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìdí ẹ̀rọ wá láìtíì fojú ba oorun, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí òde kò sí kò wọ́pọ̀ l'Ékòó, kò sì sí òde tí kò ní ìwé tirẹ̀. Pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí kan láti wá gbọ́ tèmi, mo dúpẹ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń so mọ́nítọ̀ kejì, ìyẹn ojú kejì tí iṣẹ́ ti ń hàn, mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí mo ṣe ń wọlé, ẹnìkan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọ̀gá, ṣé wáyà kan ṣoṣo yìí náà lẹ fẹ́ fi odidi wákàtí kan sọ?" Ìbéèrè tó dáa ni. Bó bá jẹ́ wáyà nìkan ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ ní àdúgbò yìí, mo ti rí mọ́nítọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí ẹni tó rà á ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Mọ́nítọ̀ náà kò bàjẹ́. Wáyà tí wọ́n rà ni kò bá ihò mu, tàbí kí wọ́n má sọ fún kọ̀ǹpútà pé àlejò ti dé.

Ojú méjì ni iṣẹ́ wa ń fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà síbí pè mí pé kí n wá wo kọ̀ǹpútà àwọn. Nígbà tí mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan. Inú ìyá ló bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn ṣe ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà kan, wọ́n tẹ ẹ̀dà 300, wọ́n gé e, wọ́n dì í, wọ́n kó o fún oníbàárà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé náà títí, kò rí i. Ẹ̀yin náà ti ń mirí. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Orúkọ kan tí a fò nínú ìwé ìsìnkú lè di ẹjọ́ tí wọn yóò máa rò nínú ẹbí títí ọmọ-ọmọ yóò fi dàgbà.

Mo ní kí ọmọ náà fi bó ṣe ṣe é hàn mí. Orí WhatsApp ni àwọn ẹbí fi orúkọ ránṣẹ́ sí. Ó ṣí WhatsApp, ó ka orúkọ méjì sórí, ó pa á dé, ó ṣí CorelDRAW tí a fi ń to iṣẹ́ ìwé, ó tẹ orúkọ méjèèjì, ó tún padà. Lọ, bọ̀. Lọ, bọ̀. Ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ, àtọmọdọ́mọ. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú-ìwé méjì tí kò ní fo ẹnìkan? Mo sọ fún ìyá náà pé, "Mọ̀mí, ẹ má bínú sí i. Ojú kan lẹ fún un, iṣẹ́ ojú méjì lẹ ní kó ṣe."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a gbé mọ́nítọ̀ kejì sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́. WhatsApp wà ní apá òsì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, orúkọ gbogbo ẹbí wà níbẹ̀. CorelDRAW wà níwájú. Ọmọ náà ń wo òsì, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú. Kò pa nǹkan kan dé mọ́. Bó bá parí, ó máa ń fi ìka ka orúkọ ní òsì, á fi máòsì ka ti iwájú, títí iye méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ohun tí mọ́nítọ̀ kejì wà fún nìyẹn: ibi tí iṣẹ́ wà, àti ibi tí ohun tí a ń wò ṣe iṣẹ́ wà.

Kì í sì í ṣe àrà tuntun. Láti 1987 ni kọ̀ǹpútà Macintosh II ti lè lo mọ́nítọ̀ ju ẹyọ kan lọ, Windows náà sì gbà á láti Windows 98. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ̀ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti lè gba mọ́nítọ̀ méjì láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Ẹ ò kàn tíì lò ó ni.

Ẹ wo ẹ̀yìn CPU kí ẹ tó ná owó

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí àpótí CPU, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà tí a ń so gbogbo wáyà mọ́, padà, ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò. Ẹ ya ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà. Fọ́tò méjì péré. Mo fẹ́ kí ẹ tún un sọ pẹ̀lú mi: fọ́tò méjì. Ẹni tó bá fi fọ́tò méjì yẹn han òǹtàjà kò ní ra wáyà tí kò bá ihò mu.

Kí lẹ máa rí? Oríṣi ihò mẹ́rin ló wọ́pọ̀. VGA ni ti àtijọ́, aláwọ̀ búlúù, ó ní ihò abẹ́rẹ́ 15 ní ìlà mẹ́ta, ó sì ní ṣúrúù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. IBM ló gbé e jáde, ní 1987 kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. DVI fẹ̀ jù ú lọ, funfun ni ó sábà máa ń jẹ́. HDMI ni ẹ mọ̀ jù, òun ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìkẹrin ni DisplayPort, òun ló sì ń da àwọn ènìyàn wa láàmú jù.

Kí ló dé tó ń dà wọ́n láàmú? Nítorí pé ó jọ HDMI. Ẹ wò ó dáadáa: HDMI, igun méjèèjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sún wọlé. DisplayPort, igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé, ìyókù gún régé. Mo ti rí ẹni tó ń fi agbára ti orí HDMI bọ ihò DisplayPort títí irin ibẹ̀ fi tẹ̀. Bí wáyà kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má tì í. Orí DisplayPort púpọ̀ tún ní ẹnu kékeré tó ń di ihò mú. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fà á láìtẹ̀ ẹ́ lè fa ihò jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, tòkunbọ̀ lẹ̀ ń lò. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n, wọ́n sì lágbára. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ gba Dell OptiPlex 7010 ti 2012, tí ó pọ̀ ní ìgboro: VGA kan, DisplayPort méjì, kò sí HDMI rárá. Mọ́nítọ̀ tí ẹ sì máa rà lè jẹ́ VGA àti HDMI nìkan ló ní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí la máa ṣe? Wáyà tó ní DisplayPort ní orí kan, tó ní HDMI ní orí kejì, wà. Kò wọ́n. Ẹ fi ti DisplayPort sí CPU, ẹ fi ti HDMI sí mọ́nítọ̀, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o, nítorí ibí ni owó ti ń ṣègbé: wáyà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Láti DisplayPort ara CPU lọ sí HDMI ara mọ́nítọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ HDMI ló wà lára CPU, tí DisplayPort wà lára mọ́nítọ̀, wáyà kan náà kò ní gbé nǹkan kan jáde. Ohun mìíràn lẹ máa rà, èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú, tó sábà máa ń gba iná láti ihò USB. Bákan náà ni láti HDMI sí VGA: àwọn méjèèjì kò sọ èdè kan náà, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má kàn sọ pé "wáyà HDMI sí DisplayPort." Ẹ sọ èyí tó wà lára CPU ṣáájú, kí ẹ tó sọ èyí tó wà lára mọ́nítọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya páálí ọjà. CPU rẹ̀ ní HDMI kan ṣoṣo. Ó lọ sí ọjà, ó ní òun fẹ́ lo mọ́nítọ̀ méjì lórí HDMI kan, wọ́n ta splitter fún un. Ó dé ilé, ó so ó, mọ́nítọ̀ méjèèjì sì tàn. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé CorelDRAW sí òsì, ó rí CorelDRAW ní ọ̀tún. Ó gbé WhatsApp sí òsì, WhatsApp yọ ní ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yí ètò inú Windows kiri, ó rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin èèyàn mi, splitter kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán kan ló ń pín sí méjì, bí ẹni fi dígí wo ara rẹ̀. Ó dáa fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ohun kan náà. Kò dáa fún iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́nítọ̀ méjì gbé ohun méjì, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ihò méjì wà lẹ́yìn CPU. Kódà, CPU ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní VGA lẹ́gbẹ̀ẹ́ HDMI tó ń lò. Láti ọjọ́ yìí wá ni ihò náà ti wà níbẹ̀, eruku ló bò ó. Mo tún un sọ: fọ́tò méjì!

Àwọn tí ẹ ní graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ihò méjì-méjì lẹ máa rí lẹ́yìn CPU yín. Àwọn kan wà lókè, láàárín ihò USB àti ti kíbọ́ọ̀dù; àwọn kan wà nísàlẹ̀, lórí irin tó dá dúró. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni ti káàdì. Ẹ so mọ́nítọ̀ méjèèjì mọ́ ti káàdì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń pa ihò òkè bí káàdì bá ti wọlé, ẹni tó bá fi ọ̀kan sókè, tó fi ọ̀kan sísàlẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni yóò tàn. Àwọn processor Intel kan, ìyẹn ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà, tilẹ̀ wà tí orúkọ wọn parí pẹ̀lú F, bíi i5-10400F; àwọn yẹn kò ní ẹ̀rọ àwòrán nínú rárá, ọ̀ṣọ́ lásán ni ihò òkè lára tiwọn.

Ẹ so ó, kí ẹ sì sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tó wà

Wáyà kò gba àsìkò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà. HDMI ṣeé fà ṣeé kì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú irú iná tiwa, mo fẹ́ kí ẹ pa á. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ dè ṣúrúù VGA méjèèjì, ẹ so iná mọ́nítọ̀ mọ́ UPS kan náà tí CPU wà. Ẹ tàn án.

Bí mọ́nítọ̀ kejì bá kọ "No Signal", ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì tíì gbé e padà sí ọjà. Wo bọ́tìnnì tó wà létí tàbí lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ Source tàbí Input sí. Mọ́nítọ̀ tó ní ihò méjì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kan. Ẹ lè ti gba HDMI wọlé kó jẹ́ ẹnu VGA ló ti ń retí yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dé ibi tí wáyà yín wà. Nínú mọ́nítọ̀ tí wọ́n gbé wá bá mi pé ó ti kú, èyí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn.

Ó ti tàn báyìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé, ẹ dì í mú, kí ẹ tẹ P. Ọ̀nà mẹ́rin yóò yọ. PC screen only: mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Duplicate: ohun kan náà lójú méjèèjì, bíi ti splitter. Second screen only: èkejì nìkan. Èyí tí àwa ń wá ni Extend. Extend ló ń so tábìlì méjì pọ̀ di tábìlì gígùn kan.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí jù lónìí la dé yìí. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú. Kò mọ̀ bóyá apá ọ̀tún lẹ gbé mọ́nítọ̀ kejì sí àbí apá òsì. Ó kàn máa ń rò pé ọ̀tún ni. Ọ̀gá kan gbé tirẹ̀ sí òsì nítorí pé ọ̀tún ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ó ń ti máòsì sí òsì, ọfà ń kọlu ògiri. Kí ó tó lè dé mọ́nítọ̀ òsì, ọ̀tún ló máa ń ti máòsì lọ. Oṣù mélòó kan ló fi ṣiṣẹ́ báyẹn! Ó ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti máa lọ sí ọ̀tún bí ojú rẹ̀ bá ń lọ sí òsì. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, nítorí pé ìyà tí ìṣẹ́jú kan ìbá mú kúrò ni.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ojú tábìlì Windows níbi tó ṣófo, ẹ yan Display settings. Ẹ máa rí àpótí méjì, 1 àti 2. Ẹ tẹ Identify, nọ́ńbà ńlá yóò yọ lójú mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mọ èwo ni èwo. Ẹ wá fi máòsì mú àpótí 2, ẹ fà á lọ sí apá tí mọ́nítọ̀ náà wà lóòótọ́ lórí tábìlì yín. Bó bá ga ju ìkejì rẹ̀ lọ lórí tábìlì, ẹ fà á sókè díẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí etí àpótí méjèèjì kò bá tò dọ́gba, ọfà yóò máa há ní igun, ẹ ó rò pé máòsì ló ń ṣàìsàn. Ẹ tẹ Apply.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àpótí èyí tó wà níwájú yín gan-an, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Make this my main display" sí, ẹ máàkì í. Èyí ni yóò máa gba ohun tuntun tí ẹ bá ṣí. Bí ẹ bá yí ìwọ̀n àwòrán padà, Windows yóò béèrè bóyá kó dì í mú, yóò fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Yóò padà sí ti tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fi mọ́nítọ̀ àtijọ́ onígun mẹ́rin tó jẹ́ 1280 × 1024 sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tó jẹ́ 1920 × 1080, ìwọ̀n kálukú ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, èyí tí Windows kọ Recommended sí. Ẹ má fipá mú wọn dọ́gba, lẹ́tà yóò ṣú.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fẹ́ràn: bọ́tìnnì fèrèsé pẹ̀lú Shift, kí ẹ wá tẹ ọfà òsì tàbí ọ̀tún. Ohun tí ẹ ṣí yóò fò lọ sí mọ́nítọ̀ kejì lójú ẹsẹ̀.

Ọrùn, àwọ̀, àti iná

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ní mọ́nítọ̀ méjì, mo tò wọ́n bí ìwé tí a ṣí, ìlà àárín wọn sì wà níwájú imú mi. Ọ̀kan ni mo ń lò jù, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni ọrùn mi máa ń wà láti àárọ̀ títí alẹ́. Kò pẹ́ tí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí débi tí mi ò lè wo ẹ̀yìn bí mo bá ń wakọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èyí tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jù ni kí ó kojú yín gan-an. Ẹ fi èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ yí i díẹ̀ kó wò yín. Kí etí òkè mọ́nítọ̀ bá ojú yín dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kí ó jìnnà sí yín tó ìwọ̀n apá kan. Páálí pépà A4 kan lábẹ́ mọ́nítọ̀ ti tó, ẹ ò nílò láti ra ohun kankan.

Ẹ̀yin atẹ̀wé, àwọ̀ ni tiyín. Mọ́nítọ̀ méjì kì í sábà fi àwọ̀ kan náà hàn. Fọ́tò ìyàwó tó dúdú dáadáa ní òsì lè pupa ní ọ̀tún, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ máa gbàgbọ́. Ẹ yan ọ̀kan ṣe onídàájọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní IPS, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, òun ni kí ẹ yàn. Orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti máa tún àwọ̀ ṣe. WhatsApp, ìwé oníbàárà àti fáìlì lè wà lórí èkejì.

Ọ̀rọ̀ iná kò pọ̀. Mọ́nítọ̀ LED tó wà láàárín ínṣì 22 sí 24 sábà máa ń jẹ iná bíi 20 sí 30 wáàtì, kò tó ohun tí fáànù òkè ń jẹ. Èyí tó nípọn lẹ́yìn láti ayé àtijọ́ lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn ni mi ò bá yín fọwọ́ sí lórí inverter.

Ìyá kan ń nawọ́ níwájú níbẹ̀yẹn. Wọ́n ní ṣé àwọn lè lo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí mọ́nítọ̀ kejì? Bẹ́ẹ̀ ni, mà, bó bá ti ní HDMI. Ohun tí ẹ máa kíyè sí ni pé tẹlifíṣọ̀n míì máa ń gé etí àwòrán jù sẹ́yìn, tí ibi Start yóò fi pòórá. Ẹ wọ inú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ wá Just Scan tàbí Screen Fit, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀kan sí ìkejì, gbogbo etí yóò padà wálé.

Mo gbé CPU tòkunbọ̀ kan àti mọ́nítọ̀ méjì wá, wọ́n wà lórí tábìlì yìí. Mo ti tú gbogbo wáyà wọn sílẹ̀, mo sì ti da oríṣi wáyà mẹ́fà sínú agbọ̀n. Mà, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bọ́ síwájú. Ẹ yí ẹ̀yìn CPU sí wa, ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀ fún gbogbo ilé.